Ọjọ́ Tí Ìrẹsì Bá Gbó

Ọdún keje rèé tí Dorothy ti ń dáná nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Richton Park, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan kì í bi í pé ọmọ ibo ni.

"Ará ibí ni mí."

"Kó o tó dé ibí ńkọ́?"

"Ibí náà ni."

Wọ́n á wojú ẹ̀ títí, wọ́n á ní bóyá ọmọ Mẹ́síkò ni. Ọmọ Ojibwe ni Dorothy, ara àwọn tó ni ilẹ̀ yìí kí òyìnbó tó dé. Abúlé kékeré kan láàárín àwọn adágún lókè Wisconsin ni wọ́n bí i sí, ibi tó jẹ́ pé bí èèyàn bá sín, ará ilé kẹrin á kí i. Iṣẹ́ tán níbẹ̀, ọkọ ẹ̀ kú, ló bá di ẹrù sínú mọ́tò, ó di Chicago. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ẹni tó bá pàdé ló ń kí. Kò sẹ́ni tó dáhùn, obìnrin kan tiẹ̀ di báàgì ẹ̀ mú gírígírí. Dorothy ò ṣíwọ́. Ó ní ẹnu tòun lòun fi ń kí wọn, kì í ṣe tiwọn.

Ohun tí ìlú ńlá ò tíì rí gbà lọ́wọ́ ẹ̀ ni ìrẹsì. Kì í ṣe èyí tá à ń rà ní ṣọ́ọ̀bù o! Inú adágún ni tiwọn ti ń hù fúnra ẹ̀. Èèyàn méjì ló ń wọ ọkọ̀ ojú omi: ọ̀kan á máa fi ọ̀pá gígùn tì í, èkejì á máa fi igi méjì lu ìrẹsì sínú ẹ̀. Láti kékeré, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin ló ń tì, Dorothy ló ń lù. Bí kò bá lọ, etídò ni ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ máa jókòó sí. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìrẹsì náà títí àwọn àgbà á fi yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n á ní ó ti gbó. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ lónìí, ọ̀la ni.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Michelle, ọ̀gá wọn ní kíṣìnnì, ní ọjọ́ mẹ́rìnlá ṣáájú lèèyàn gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́ tó fẹ́ gba off sínú ìwé. Lọ́dún tó kọjá, Dorothy fojú díwọ̀n ọjọ́ kan. Ó wa mọ́tò fún wákàtí méje, ìrẹsì ò tíì gbó. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ṣí adágún fún ìkórè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ò bínú, ó kàn sọ lórí fóònù pé ọkọ̀ òun ò kúrò létídò. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju èébú lọ.

Lọ́dún yìí, ó kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé: ỌJỌ́ TÍ ÌRẸSÌ BÁ GBÓ.

"Dorothy, ta ló mọ ọjọ́ tó máa gbó?" ni Michelle bi í.

"Ìrẹsì ló mọ̀."

Sìmíátù, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń gé kárọ́ọ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ gbọ́ ti Àǹtí Dorothy o. Ṣé ẹ rántí ìtúnu ààwẹ̀ mi? Mo ní a ò tíì rí oṣù, ẹ ní kí n lọ gbàwé lọ́dọ̀ òṣùpá. Ẹ̀rù bà mí, mo kọ ọjọ́ tí kì í ṣe é. Àwọn ọmọ mi wà ní yídì, èmi ń bó ọ̀dùnkún fún yín níbí."

"Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀, Sìmíátù." Michelle fi bírò pupa fa ìlà la ohun tí Dorothy kọ. "Ẹni tó bá lọ láìní ọjọ́, kó má padà wá."

Dorothy gba bírò náà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó tún un kọ sísàlẹ̀, ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Àárọ̀ ọjọ́bọ̀ kan ni fóònù ẹ̀ dún. "Ọ̀la, aago mẹ́wàá," ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wí. Dorothy parí oúnjẹ àárọ̀, ó tú aṣọ ìdáná ẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó.

"Àǹtí, ẹ máa lọ jàre," ni Sìmíátù wí. "Màá dúró sídìí sítóòfù yín. Tí oṣù bá yọ, kí ẹ dúró fún mi."

"Tí wọn ò bá tíì lé mi."

"Kí wọ́n lé wa pọ̀!"

Létídò lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ na igi méjèèjì sí i. Dorothy lù títí ọwọ́ ẹ̀ fi bó, irun ìrẹsì ń gún un lápá, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ajé, aṣọ ìdáná ẹ̀ ṣì wà lórí ìṣó. Michelle na ìwé kan sí i, kó fọwọ́ sí i pé irú ẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.

"Mi ò ní fọwọ́ sí irọ́. Ó máa ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀."

"Ṣó o mọ̀ pé mo lè lé ẹ lónìí?"

"Mo mọ̀. Lé mi, kó o wá dáná fún wọn."

Ọgọ́ta arúgbó ló ń retí oúnjẹ. Michelle wo sítóòfù, ó wo aago, ó ṣí ìwé off bóyá ó máa rí ẹni tó lè gba shift yẹn. Lábẹ́ ohun tí Dorothy kọ, ẹlòmíì ti kọ tiẹ̀: ỌJỌ́ TÍ A BÁ RÍ OṢÙ. Sìmíátù ò gbójú kúrò lára kárọ́ọ̀tì.

Michelle pa ìwé náà dé. "Lọ dáná."

Dorothy so aṣọ ìdáná ẹ̀ mọ́ra. Kò fọwọ́ síwèé kankan.