Àdó tí Mo Rà ní Jankara

Ìyá bàbá mi ló kọ́ mi ní ìfura kí n tó mọ̀wé kà. Màmá là ń pè wọ́n nílé wa ní Olówógbowó. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé oúnjẹ wá láti ìta, wọ́n á kí onítọ̀hún, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á ṣàdúrà fún un, wọ́n á sì gbé abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí á fi lọ. Bó bá ti jáde, adìyẹ ló ni ín. Wọ́n máa ń sọ pé ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé.

Nígbà tí àwọn òbí mi ò sí mọ́, èmi ni oúnjẹ Màmá bọ́ sí lọ́wọ́. Odindi ọdún mẹ́sàn-án ni wọn ò fi jẹ oúnjẹ ẹlòmíì. Ìyàwó àbúrò bàbá mi, tí a jọ ń gbé ilé, a máa se ọbẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ń gbóòórùn rẹ̀, Màmá ò ní fẹnu kàn án. Ọwọ́ mi nìkan ni wọ́n fọkàn tán. Ó máa ń dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́, mo sì máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gbé abọ́ náà gba iwájú ìyàwó wa kọjá.

Ohun tó fẹ́ ba èyí jẹ́ kò ju géèmù lọ. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta máa ń pàdé ní Sátidé, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ní ṣọ́ọ̀bù tí ọ̀kan nínú wọn ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kì í ṣe géèmù orí fóònù. A máa ń jókòó yí tábìlì ká pẹ̀lú bébà, bírò àti dáìsì. Kálukú ló ní èèyàn kan tó fọkàn dá, òun ló sì ń gbẹnu sọ fún un. Ọ̀rẹ́ mi oníkọ̀ǹpútà ló ń darí ìtàn. Á sọ ohun tí a bá pàdé lọ́nà, a ó sọ ohun tí a fẹ́ ṣe, dáìsì á sì sọ bóyá ó yọrí. Orí bébà la ń kọ agbára èèyàn náà sí, àti ọgbọ́n rẹ̀, àti iye ẹ̀mí tó kù fún un. Bí ọ̀tá bá ṣá a lọ́gbẹ́, a ó fagi lé iye ti tẹ́lẹ̀, a ó kọ èyí tó kù. Èdè Yorùbá ni mo fi ń kọ tèmi.

Arúgbó onídán kan ni èèyàn tèmi, obìnrin tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a ní kí kálukú wá orúkọ, oríkì Màmá ni mo fún un. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nínú gbogbo àgbà tí mo mọ̀, ta ló tún le tó wọn?

Òfin kan wà nínú géèmù náà pé onídán kò lè pidán lọ́wọ́ òfìfo. Ó gbọ́dọ̀ ní ohun kan tí idán ń gbà jáde, bí ọ̀tá bá sì gba nǹkan ọ̀hún, onídán di èèyàn lásán. Ìwé géèmù náà, tó ti òkè òkun wá, to oríṣiríṣi wọn sílẹ̀: ọ̀pá gígùn, igi tẹ́ẹ́rẹ́, òkúta tó ń dán, bọ́ọ̀lù dígí. A fi bọ́ọ̀lù dígí rẹ́rìn-ín títí. Ta ló fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù dígí kọjá ní Ìdúmọ̀tà tí wọn ò ní já a gbà? Ọ̀rẹ́ mi kan mú ìrùkẹ̀rẹ̀, èkejì mú òrùka. Èmi kọ́kọ́ ro ọ̀pá, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló ń rí ọ̀pá, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe ọ́ níbi, ọ̀pá ọ̀hún ni yóò kọ́kọ́ gbá dànù. Mo ro dígí, ó lè fọ́. Ní ti òrùka, wọ́n lè gé ìka pọ̀ mọ́ ọn. Ìfura loògùn àgbà, arúgbó mi ò sì gbọ́dọ̀ gọ̀. Bí mo ṣe mú àdó nìyẹn, akèrègbè kékeré tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tó ṣeé so mọ́ ìdí lábẹ́ aṣọ tí ọ̀tá kankan ò ní rí.

Ẹni tó ń darí wa ní kí kálukú mú ohun tó yàn wá ní tòótọ́, kó gbé e sórí tábìlì, nítorí a ti ń rẹ́ ara wa jẹ. Bí nǹkan bá ti le, oníkálukú á ní ọwọ́ òun ni ohun ìpidán òun wà látàárọ̀. Èmi náà bá gba ọjà Jankara lọ.

Obìnrin kan tó ń ta ewé àti egbò mú àdó mẹ́ta jáde fún mi. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ rọ sí i. Mo ní n kò fẹ́ rọ nǹkan kan sí i. Ó wo hìjáábù mi, ó wo àdó, ó tún wò mí. Ó ní láti ìgbà tóun ti ń tajà, òun ò tíì rí ẹni tó ra àdó tí kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Mo ní eré ni mo fẹ́ fi ṣe. Ojú tó fi wò mí lẹ́yìn ìyẹn, àfi bíi pé mo ní mo fẹ́ fi ẹ̀tù ìbọn ṣeré. Inú bí mi, mo sanwó, mo bá tèmi lọ.

Ní Sátidé yẹn, ogun ò rọgbọ fún arúgbó mi. Ìgbà mẹ́ta ni dáìsì dà mí, ẹ̀mí rẹ̀ ti méjìlélógún já wá sí mẹ́rin. Nígbà tí a ṣíwọ́, mo fi bébà mi wé àdó náà kó má baà fọ́, mo tì í bọ inú báàgì, mo sì fi báàgì kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bí mo ti máa ń ṣe.

Ní Àtìní, Màmá gba ààwẹ̀ wọn. Nígbà tó tó àkókò ìṣínu, mo gbé ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín lọ, ẹ̀wà tí mo fúnra mi ṣà ní ọjà Sandgrouse. Wọ́n ní àwọn ti fi tíì ṣínu, pé ó tó. Ní Àtàláátà, wọ́n ní inú ń run àwọn. Ní Àlàrùbá, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo bá mọ́ín-mọ́ín mi níwájú adìyẹ.

Mo wọlé padà. Kò pẹ́ tí mo fi rí ìyàwó wa tó gbé ìrẹsì wọ yàrá Màmá, nígbà tó sì gbé abọ́ jáde, abọ́ ti ṣófo. Mo bá ní ó parí, obìnrin yìí ti bà mí jẹ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Bó bá rẹ́rìn-ín lórí fóònù, èmi ló ń fi rẹ́rìn-ín. Bó bá dákẹ́, ó ń gbèrò nìyẹn. Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo ká a mọ́ ilé ìdáná, mo bi í ní ohun tó sọ fún Màmá. Ó búra pé òun ò sọ nǹkan kan. Ó ní Màmá ló wá bá òun fúnra wọn, pé ẹ̀rù tiẹ̀ ba òun débi pé òun kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ náà wò lójú wọn kí wọ́n tó jẹ ẹ́. N kò gbà á gbọ́. Mo lọ wo inú báàgì mi bóyá ó ti tú u, àdó ò sí níbẹ̀, bébà ò sí níbẹ̀. Ìgbà náà ni mo wá mọ̀ pé ìyàwó wa tún jẹ́ olè.

Mo sáré lọ bá Màmá láti fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Wọ́n jókòó lórí ẹní ìkírun, wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti na ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n mú bébà mi àti àdó jáde, wọ́n tẹ́ ẹ síwájú mi, wọ́n ní láti alẹ́ Àláàdì làwọn ti bá a nínú báàgì mi.

Mo béèrè pé, "Màmá, ta ló ka ìwé yìí fún yín?"

"Èmi ni mo kà á."

Mo rò pé kéú nìkan ni wọ́n mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé wọ́n ti lọ ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà nígbà tí wọ́n ṣì ń tajà. Wọ́n fi ìka lé oríkì wọn. Wọ́n sún ìka sísàlẹ̀, síbi tí mo kọ ẹ̀mí sí, wọ́n ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan: méjìlélógún tí mo fagi lé, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo fagi lé, mẹ́sàn-án tí mo fagi lé, mẹ́rin.

Wọ́n ní, "Ṣé ọjọ́ mẹ́rin ni, àbí oṣù mẹ́rin?"

Mo kúnlẹ̀. Ẹ̀rín kọ́kọ́ fẹ́ pa mí, àfi bí mo ṣe bú sẹ́kún. Mo ṣàlàyé géèmù, mo ṣàlàyé dáìsì, ọ̀rọ̀ náà ń dún bí irọ́ létí èmi gan-an. Mo ní kí ló dé tí wọn ò pè mí, tí wọn ò pe ẹnikẹ́ni nílé.

"Tí mo bá sọ fún àbúrò bàbá rẹ, ó máa lé ẹ jáde lọ́jọ́ náà. Níbo lo fẹ́ lọ?"

Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wọ̀ mí lára tó, n kò lè sọ. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi gbà pé mo ń pa àwọn, ibi tí màá sùn ni wọ́n sì ń rò.

Wọn ò gba ẹ̀rí ẹnu mi lásán. Ní Sátidé, wọ́n ní kí àwọn ọ̀rẹ́ mi wá ṣe géèmù náà nínú yàrá wọn. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń wò wá lẹ́nu bí adájọ́. Nígbà tó yá, wọ́n bi ọ̀rẹ́ mi tó ń darí pé ọ̀nà wo ni ẹ̀mí arúgbó náà lè gbà pé padà. Ó ní bó bá sùn mọ́jú tí ẹnikẹ́ni ò yọ ọ́ lẹ́nu ni.

Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kó sùn nígbà náà."

A jẹ́ kó sùn. Mo fagi lé mẹ́rin, mo kọ méjìlélógún, Màmá gba bébà, wọ́n kà á fúnra wọn. Wọ́n ní kí n lọ ju àdó sínú ọ̀sà. Wọ́n ní bí arúgbó náà bá gbọ́dọ̀ mú nǹkan lọ́wọ́, kí n fún un ní orógùn, nítorí kò sí ọ̀tá tó máa fura sí obìnrin tó mú orógùn dání. Àwọn ọ̀rẹ́ mi pàtẹ́wọ́. Nínú gbogbo ohun tí a ti yàn, orógùn ló mọ́gbọ́n dání jù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín lọ fún wọn. Wọ́n ní àwọn ti gbà mí gbọ́, wọ́n ṣàdúrà fún mi gan-an. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ṣíbí, wọ́n yí ọwọ́ rẹ̀ sí mi, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí fún ọdún mẹ́sàn-án. Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ kan tí wọn kì í fún mi ní ṣíbí yẹn, n kì í sì í jiyàn. Àárín abọ́ ni mo máa ń bù, mo máa ń dúró kí wọ́n rí i pé mo gbé e mì.