Ọṣẹ Mi Tó Kọ̀ Tí Kò Dì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní Makun níbí, kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Èmi tí ẹ mọ̀ yìí, ìwé kẹta ni mo kà dé, síbẹ̀ láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìsarà, ọṣẹ mi ni wọ́n fi ń fọṣọ. Orúkọ mi ni mò ń tẹ̀ sí i lára. Nígbà tí àwọn èèyàn ń pariwo pé dọ́là ti wọ́n, ẹ̀rín ni mò ń rín. Mo ní kí ló kàn mí? Ìsarà ni àdín mi ti ń wá. Ṣé dọ́là ni wọ́n fi ń pa èkùrọ́ ni?

Mo gbàgbé sódà. Sódà ló ń mú ọṣẹ dì, òkè òkun ló sì ti ń wá. Mo dé ọ̀dọ̀ Alhaji tó ń tà á fún mi, ó ní owó àpò méjì tí mo mú wá kò ra ju ààbọ̀ àpò lọ mọ́. Mo ní ṣé ó ń bá mi ṣeré ni.

Ó ní, "Bàbá Bùkọ́lá, ẹ má bínú sí mi. Náírà ni kẹ́ ẹ bínú sí."

Mo fi ìbínú padà sílé. Mo rántí ìyá mi, eérú èèpo kòkó ni wọ́n fi ń se ọṣẹ tiwọn. Mo ní kí òyìnbó tó kó sódà dé, ṣebí a ti ń fọṣọ?

Ìyàwó mi ní, "Ọṣẹ dúdú nìyẹn, inú igbá ni wọ́n ń bù ú sí. Ṣé ó máa dúró kẹ́ ẹ gé e?"

Mo ní ta ni ọ̀gá ọṣẹ nínú àwa méjèèjì?

Mo jó èèpo kòkó, mo sẹ́ omi eérú, mo sì da dúrọ́ọ̀mù àdín kan ṣoṣo tó kù mí kù sí i. Ọjọ́ kìíní, kò dì. Lọ́jọ́ kẹta mo fi òǹtẹ̀ tẹ orúkọ mi sí i, orúkọ náà rì wọlé bí ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Ìyàwó mi kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó bù ú sínú igbá, ó ń tà á díẹ̀díẹ̀ fún àwọn tó fi ń wẹ̀. Ilé iṣẹ́ mi wà ní títì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tó ti òkè òkun wá nínú ọpọ́n ìfọṣọ ilé mi. Aṣọ tèmi ló wà nínú rẹ̀. Òun náà ti wọ́n, àmọ́ òun ló wà lọ́jà.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé: kí èèyàn tó yangàn pé ọwọ́ òun lòun fi ṣe é, kó kọ́kọ́ wo ohun tó mú un dì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rán bàtà, ẹ̀yin oníbúrẹ́dì, kí ló wà nínú tiyín tó ń ti òkè òkun wá? Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́. Ẹni tó bá sì mọ ohun tí mo lè fi rọ́pò sódà, kó dákun, kó wá mi wá. Òǹtẹ̀ mi ṣì wà lọ́wọ́ mi.