Ìgò Mẹ́rin Tí A Kò Ṣí Lójú Àlejò

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní abúlé wa lẹ́yìn Erunmu, èèyàn kì í déédéé ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò torí pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Àlejò là ń rà á fún. Àwọn àgbà kì í sì béèrè bóyá ó tutù. Ìdérí ni wọ́n ń yẹ̀ wò, torí ojú àlejò la ti gbọ́dọ̀ ṣí i, kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bó ṣe ń hó. Ẹ̀rù májèlé ń ba tọmọdé tàgbà.

Lọ́jọ́ tí àwọn àna wá tọrọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ìyá mi rán mi lọ ra mẹ́rin. Èmi ọlọ́gbọ́n orí, mo rántí pé a ò ní irin tí wọ́n fi ń ṣí ìgò nílé. Eyín ni bàbá mi máa ń lò. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí ṣáájú. Mo bá ní kí ìyá tó ń tà á bá mi ṣí gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé kì í ṣe àlejò lẹ ní?"

Mo parọ́ pé àwa ọmọdé la fẹ́ mu ún. Mo rọra fi àwọn ìdérí náà bò ó padà, mo gbé e lọ sílé.

Ìyá àgbà kan wà lára àwọn àna, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ. Bó ṣe fọwọ́ kan ìgò kan báyìí, ìdérí já bọ́. Ó bi ìyá mi pé:

"Ìyá ìyàwó, ta ló ṣí ọtí yìí?"

Ìyá mi wò mí. Mo yíjú sí ògiri, n kò jẹ́wọ́. Ìyá àgbà náà ti dìde, ó ń ká ìborùn rẹ̀. Mò ń gbọ́ ẹkún ẹ̀gbọ́n mi nínú yàrá. Bí wọ́n bá bínú jáde, ilé apani ni wọn yóò máa pe ilé wa, ta ni yóò tún wá fẹ́yàwó níbẹ̀?

Ìyá mi kúnlẹ̀. Ó gbé ìgò kìíní, ó mu nínú rẹ̀. Ó gbé èkejì. Ó mu nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọtí ń dà sí i láyà. Gbogbo wa ń wò ó. Ó pẹ́ kí ìyá àgbà náà tó jókòó padà, tó gba ìgò kan, tó mu ún. Ìgbéyàwó náà kò bàjẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, bó ṣe tutù tó lẹ̀ ń béèrè ní Ṣáṣá. Àwọn mìíràn nínú yín ń tẹ̀ lé àwòrán ìpolówó ara ògiri, àwọn mìíràn ń sá fún ṣúgà. Wọ́n á ṣí i fún yín ní ìsọ̀, ẹ óò gun ọ̀kadà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín tó bá wù yín, àyà mi ṣì máa ń já.

Mo ti bímọ méjì kí n tó jẹ́wọ́ fún ìyá mi. Mo rò pé yóò bú mi. Ó ní, "Mo rò pé ẹnìkan dá ẹ dúró lọ́nà, tó fi nǹkan sí i. Bí mo ṣe ń mu ún yẹn, ikú ni mo rò pé mò ń mu."