Ẹ̀rọ Ìránṣọ Tó Ti Ojú Ogun Bọ̀

Òórùn ilẹ̀ pupa tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lé lórí ni mo fi ń rántí ọdún tí bàbá mi wá gbé lọ́dọ̀ mi ní Galadimawa, ní Abuja. Eruku á kọ́kọ́ ru, gbogbo àyíká á máa rùn bí ìkòkò amọ̀ tuntun, kí afẹ́fẹ́ tútù tó gba ojú fèrèsé wọlé. Ìyá mi ti kú láti oṣù mẹ́rin ṣáájú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí láti Oǹdó pé Bàbá kì í jẹun mọ́, mo bá lọ mú wọn wá. O mọ bí iṣẹ́ ìjọba ṣe rí: ní kùtù hàì ni mo ti ń wá ọkọ̀ lọ sí Garki, ìrọ̀lẹ́ ni mo ń dé. Mo yọ bàbá mi kúrò nínú ilé òfìfo kan, mo sì fi wọ́n sínú òmíràn. Bí mo bá wọlé, mo á bá wọn lórí àga kan náà, oúnjẹ tí mo gbé kalẹ̀ á wà bẹ́ẹ̀, tẹlifíṣọ̀n á máa dá sọ̀rọ̀. Èmi náà, obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún tí kò lọ́kọ tí kò bímọ, mi ò mọ ohun tí ènìyàn ń bá bàbá rẹ̀ sọ. Ìyá mi ló máa ń ṣe ògbufọ̀ láàárín àwa méjèèjì.

Ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Igbo ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Màmá ìsàlẹ̀ ni mò ń pè wọ́n. Opó ni wọ́n, àwọn náà sì ń dá wà látàárọ̀ títí ọmọ á fi dé. Ní Sátidé kan mo gbọ́ ẹ̀rín bàbá mi níta. Mo sáré lọ sójú fèrèsé, torí mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn mọ́ láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá mi. Mo rí àwọn méjèèjì lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, abọ́ ẹ̀gúsí wà láàárín wọn, wọ́n jọ ń bó o, Hausa ni wọ́n sì ń sọ. Bàbá mi ò gbọ́ Igbo, Màmá ò gbọ́ Yorùbá, òyìnbó wọn ò sì dá ṣáká. Màmá ti sọ fún mi rí pé Kàdúná ni wọ́n bí àwọn sí. Ti bàbá mi ló yà mí lẹ́nu. Látọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò mọ̀ pé wọ́n gbọ́ Hausa.

Láti ìgbà yẹn ni abọ́ oúnjẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. "Sànnu, Baba," ni Màmá á kí wọn láàárọ̀. "Yauwa, Mama," ni Bàbá á dáhùn, wọ́n á ti dé fìlà, wọ́n á ti fárùngbọ̀n. Inú mi dùn dé ibi pé mo ń jowú díẹ̀.

Ọjọ́ ìsinmi kan, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo dúró kí wọn. Màmá ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bi Bàbá léèrè pé, "Baba, níbo lẹ ti kọ́ Hausa tó já geere báyìí?"

"Báráàkì ni," ni Bàbá wí. "Sójà ni mí nígbà ogun."

Ọwọ́ Màmá dúró nínú ẹ̀gúsí. "Apá ibo?"

"Apá Owerri."

Màmá gbé abọ́ wọn, wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n sì rọra ti ilẹ̀kùn. Ká ní wọ́n jàn án ni, ì bá sàn fún mi.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, bàbá mi ń sọ̀kalẹ̀ láràárọ̀ lọ dá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìdáwà yìí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí wọ́n ti tún tọ́ adùn kí ènìyàn ní ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ wò. Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo lọ kan ilẹ̀kùn Màmá, mo kúnlẹ̀. Wọ́n gbé mi dìde, wọ́n sì fi píjìn bá mi sọ̀rọ̀.

"Bàbá rẹ ò ṣẹ̀ mí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí a sá kúrò ní Kàdúná. Hausa ni mo fi ń bá àwọn ọmọ àdúgbò ṣeré. Nígbà tí àwọn sójà wọ abúlé wa, Hausa yẹn náà ni wọ́n ń sọ bí wọ́n ṣe ń kó ẹrù wa. Ẹnu bàbá rẹ ni mo ti tún gbọ́ ọ bí èdè eré. Mi ò wá mọ èyí tí mò ń gbọ́ mọ́."

Mo sọ ọ́ fún bàbá mi bí mo ṣe gbọ́ ọ. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ohun tí ẹnì kankan nínú wa ò gbọ́ rí.

Wọ́n ní kí ogun tó dé Ọ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rédíò lásán ni lójú àwọn. Nígbà tó dé Ọ̀rẹ̀, tí àwọn ará Oǹdó ń di ẹrù, tí kálukú ń wo ojú ọ̀nà, àwọn ju irinṣẹ́ bíríkìlà tí àwọn ń kọ́ sílẹ̀, àwọn sì lọ forúkọ sílẹ̀. "Ilé wa ni mo lọ gbèjà," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa parí, ilé ẹlòmíràn ni mo wà."

Ní ọ̀sẹ̀ tí ogun parí, rédíò ń kéde pé kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Bàbá wọ ilé kan ní ìlú kékeré kan, wọn ò bá ènìyàn níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan wà lórí tábìlì, aṣọ ọmọdé ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀, wọn ò tíì rán apá kejì. Bàbá fa aṣọ náà yọ, wọ́n gbé ẹ̀rọ.

Ọ̀rẹ́ mi, mo mọ ẹ̀rọ yẹn. Ìró rẹ̀ ni mo ń gbọ́ sùn ní kékeré. Òun ni ìyá mi fi rán aṣọ fún ìdajì àdúgbò wa, òun ni wọ́n fi rán mi níwèé dé yunifásítì.

"Ṣé Màámi mọ̀?" ni mo bi wọ́n.

"Mo sọ fún un pé mo rà á ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi lọ kan ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀. Èmi dúró lórí àtẹ̀gùn, mò ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ nínú ìwọ̀nba Hausa tí mo gbọ́. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, láìfi igun kan pamọ́. Wọ́n ní àwọn á ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wá láti Oǹdó, kí Màmá jọ̀wọ́ gbà á lọ́wọ́ àwọn.

Màmá béèrè orúkọ ìlú náà. Bàbá dárúkọ rẹ̀. Màmá sì mi orí.

"Ibẹ̀ kọ́ ni ìlú wa. Tí mo bá gba ohun tí kì í ṣe tèmi, ẹ̀yin á rí oorun sùn, èmi ni mi ò ní sùn mọ́." Wọ́n wá ti àga kan síwájú bàbá mi. "Ẹ jókòó, Baba."

Wọ́n jókòó. Wọ́n tún jọ ń jókòó lẹ́yìn ìyẹn náà, wọ́n ń kíra wọn, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn mọ́. Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, Bàbá ní àwọn fẹ́ padà sílé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kú. Ọmọ Màmá ti kó wọn lọ sí Apo nígbà náà, orí fóònù ni mo ti túfọ̀ fún wọn. Wọ́n sunkún, mi ò sì mọ ẹni tí wọ́n ń sunkún fún gan-an.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mo gbé e wá sí Abuja. Mo bi akẹgbẹ́ mi kan ní ọ́fíìsì, tó wá láti agbègbè yẹn, bóyá a lè wádìí ẹni tó ni ín. "Ilé wo," ló wí, "ni ẹ̀rọ ò ti sọnù?"

Bí wọ́n bá ń ka ibi tí ogun yẹn ti yí padà, wọ́n á ka ọjọ́ tí apá ìlà-oòrùn kéde pé àwọn yapa, wọ́n á ka Ọ̀rẹ̀, wọ́n á ka ọjọ́ tí wọ́n túúbá. Wọn kì í ka ọ̀sán tí ọmọkùnrin kan tó lé díẹ̀ ní ogún ọdún wọ ilé tí kò sí ènìyàn. Mo máa ń wí tẹ́lẹ̀ pé ogun ò kàn mí, wọn ò tíì bí mi. Ìwé ẹ̀rí tí mo fi wọ iṣẹ́ ìjọba sì rèé, ilé yẹn ló ti wá. Ẹni tí ǹ bá bẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ǹ bá dá lẹ́bi, òun ni mo fẹ́ràn jù láyé. Kò sí ẹni tí a lè jọ gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo lè ṣe náà ni mò ń ṣe: mò ń fi òróró sí i kí ó má bàa dípẹtà, torí ohun olóhun ni, a kì í jẹ́ kí ohun olóhun bàjẹ́ mọ́ni lọ́wọ́.