Ilẹ̀kùn Iná Tí Kò Ní Wáyà

Pẹ̀lẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe káfíńtà náà. Bí ó bá fẹ́ kan ìṣó mọ́gi, á kọ́kọ́ fọwọ́ pa igi náà lára, á ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ó máa dùn ẹ́ díẹ̀." Àwọn èèyàn a máa rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́ látìgbà tí àbúrò rẹ̀ kú. Iná ò kan ọmọ náà rárá. Èéfín ló bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, nílé ìtura kan tí wọ́n ti fi òkúta há ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Ó kúkú wọlé.

Nítorí náà, nígbà tí Alága, tó ń kọ́ ilé ìtura tuntun, ránṣẹ́ sí i pé àwọn panápaná ò ní jẹ́ kóun ṣí ilé náà láìsí ilẹ̀kùn iná lẹ́nu àtẹ̀gùn, Pẹ̀lẹ́ ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Aláwẹ́ méjì ni kó o rà," Alága ní. "Kó tóbi, kó sì máa dá ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀."

"Á máa dá ṣiṣẹ́, sà."

Ní ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin tó ń tajà fi èyí tó ń dán hàn án. Pẹ̀lẹ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó dún bí agbárí òpònú.

"Inú ẹ̀ ṣófo."

"Bọ̀dá, ẹ fẹ́ rà á ni àbí ẹ fẹ́ fi ṣaya?"

"Ìyàwó lè sá jáde bí ilé bá ń jó. Eléyìí ò gbọ́dọ̀ sá."

Èyí tó wúwo jù ló mú, tó ní ọ̀já dúdú létí: bí ooru bá kàn án, á wú, á dí ọ̀nà mọ́ èéfín.

Iṣẹ́ wà nínú kíkàn án. Awẹ́ kan ní ètè tó ń bo àlàfo àárín wọn. Bí elétè bá kọ́kọ́ pa dé, èkejì á há síta. Pẹ̀lẹ́ bá sọ wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé: Táyé á ṣáájú, Kẹ́hìndé elétè á tẹ̀ lé e, òun ṣáà lẹ̀gbọ́n. Kẹ́hìndé ò gbà. Pẹ̀lẹ́ gun àkàbà, ó dẹ irin tó ń fà á pa dé lókè.

"Pẹ̀lẹ́ o, Kẹ́hìndé, jẹ́ kí àbúrò ẹ ṣáájú ẹ."

Pẹ̀lẹ́ gbọ́ ohun tóun fúnra ẹ̀ sọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìṣílé, Alága wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, ó dúró síwájú ilẹ̀kùn, ó ń retí.

"Kí ló dé tí ò ṣí?"

"Ẹ fọwọ́ tì í, sà."

"Kí n fọwọ́ tì í kẹ̀? Ṣé iná ò sí ni?"

"Iná wo, sà?"

"Ilẹ̀kùn iná kọ́ ni mo ní kó o rà? Wáyà ẹ̀ dà?"

Iná tó ń jó ilé ni Pẹ̀lẹ́ gbọ́; iná tó ń tan gílóòbù ni Alága gbọ́. Ó ti ya Alága lẹ́nu tẹ́lẹ̀ pé kí ló kan panápaná kan wáyà, ṣùgbọ́n ó rò pé wọ́n fẹ́ kílùú tẹ̀ síwájú ni. Ó sì ti sọ fáwọn àna ẹ̀ pé ilẹ̀kùn òun ń rójú èèyàn kó tó ṣí.

"Gbé òkúta tó wà níta yẹn wá, ká fi há a. Àlejò ò ní máa bá ilẹ̀kùn jìjàkadì nílé mi."

Pẹ̀lẹ́ wo òkúta náà. Kò gbé e. Kì í bá àgbà jiyàn, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó lanu.

"Ẹ ní kó máa dá ṣiṣẹ́, sà. Ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀."

Alága ṣí i, ó fi sílẹ̀. Awẹ́ méjèèjì rọra ń bọ̀, ìkan tẹ̀ lé ìkan, wọ́n pa dé láìpariwo. Ó tún ṣí i.

"Láìsí wáyà?"

"Bí wọ́n bá mú iná lọ, á ṣì máa ṣe é."

"Ti alátakò mi tó ní ilé ìtura lódìkejì títì ńkọ́?"

"Òkúta ni wọ́n fi há tiwọn, sà."

Láti ìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni Alága dúró sí tòun ti agbádá. Òun ló ń ṣí i fún àlejò. "Ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ẹ ṣáà máa wò ó." Màmá àgbàlagbà kan wò ó tán, ó gbé báàgì ẹ̀ fún un.

"O ṣeun, ọmọ mi. Òkè ni yàrá mi wà."

Alága gbé e. Pẹ̀lẹ́ tó ń kó irinṣẹ́ ẹ̀ dúró títí ilẹ̀kùn fi pa dé lẹ́yìn wọn. Ó fọwọ́ wá àlàfo láàárín awẹ́ méjèèjì. Kò sí.