Ìbátan Òkú

Télọ̀ kan wà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ ní Ó-Dọ̀la, nítorí kò sí aṣọ tí wọ́n gbé fún un tí kò ní í sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú. Ẹ̀rín ni wọ́n ń fi í rín. Wọn ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí òun náà ti ń sún síwájú láti ọdún méje.

Olùkọ́ obìnrin kan ló gba yàrá tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á yà kí télọ̀, á jókòó sórí àpótí, á máa bá a yọ òwú kúrò lára aṣọ. Nígbà mìíràn, aṣọ tí kò ya rárá ló ń gbé wá fún àtúnṣe. Ó yé télọ̀ yékéyéké, àmọ́ ẹnu rẹ̀ wúwo bí áyọ́ọ̀nù eléèédú. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ olùkọ́ lọ sí ìlú mìíràn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti ẹrù rẹ̀.

"Ṣé kò sóhun tí ẹ fẹ́ sọ fún mi?"

"Ẹ rọra máa lọ o," ni télọ̀ wí. "Ẹ bá mi kí wọn nílé."

Ó lé lọ́dún kan kó tó gbọ́ pé àìsàn ti dá obìnrin náà dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn. Lọ́jọ́ náà gan-an, ó ti aṣọ gbogbo oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rán gáùn aláwọ̀ ojú sánmà. Kò nílò tépù. Ó mọ ìwọ̀n obìnrin náà lórí. Ilẹ̀ mọ́, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ìwòsàn náà.

Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n júwe fún un ti ṣófo. Ìyá àgbàlagbà kan tó jẹ́ agbálẹ̀ níbẹ̀ ń fi omi ọṣẹ nu fóòmù.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, olùkọ́ tó wà níbí ńkọ́?"

Ìyá wò ó títí. "Ó dákẹ́ lánàá. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti gbé e lọ láàárọ̀ yìí. Kí lẹ jẹ́ sí i?"

Télọ̀ wá ohun tó lè pe ara rẹ̀. Kì í ṣe ọkọ, kì í ṣe àbúrò, kì í ṣe àfẹ́sọ́nà. Ó kàn na ọ̀rá tí gáùn wà nínú rẹ̀ sí ìyá náà.

Ìyá ju àkísà sínú péèlì, ó fa àga sún mọ́ ọn. "Jókòó, ọmọ mi. Kú ará fẹ́ra kù."

Gbólóhùn yẹn ló já omi lójú rẹ̀. Ó sunkún bí ọmọdé, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Nọ́ọ̀sì kan yọjú.

"Ìyá, ṣé ẹ ò ní parí iṣẹ́ ni?"

"Ìbátan òkú ni mò ń bá kẹ́dùn." Ìyá ò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ìbátan! Ẹkún tuntun tún gbé télọ̀.

Nígbà tó rọlẹ̀, ìyá sìn ín dé ibùdókọ̀. "Dẹ́rẹ́bà, ẹ bá mi fi í síbi fèrèsé. Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́."

Dẹ́rẹ́bà ò bi í léèrè kankan, ó pa rédíò. Obìnrin tó jókòó tì í na áńkáṣíìfù sí i láì wojú rẹ̀. Ọkọ̀ kún fọ́fọ́, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó gbin títí wọ́n fi délé.

Télọ̀ ò mọ ibi tí wọ́n sin olùkọ́ sí títí dòní.