Etí Adágún Iyọ̀ Tí Akin Ò Ti Bọ̀ Mọ́

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù tí mo fi múra tán nílé wa ní Oǹdó. Ìyàwó mi ti jí ṣáájú mi. Ó ti bá mi gbé omi gbígbóná sí balùwẹ̀, ó ti di gúgúrú àti ẹ̀pà sínú ọ̀rá fún mi, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo gbé báàgì kọ́ èjìká ló tó lanu.

"Bàbá Akin, ẹ lọ wo adágún yín, ẹ lọ wo òkúta yín. Ṣùgbọ́n ẹ má dé ojú oórì ọmọ mi. Òbí kì í débẹ̀."

"Mo gbọ́," ni mo wí.

"Ẹ ò gbọ́. Ẹ ṣèlérí fún mi."

Mi ò ṣèlérí kankan. Mo ní ọlọ́kadà ti ń dúró dè mí lẹ́nu géètì, mo sì jáde.

Akínlolú ni àbíkẹ́yìn wa. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa òkúta ní yunifásítì ní Àkúrẹ́, lẹ́yìn náà ló rí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ gbà lọ sí orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, láti lọ wádìí bí òkúta ẹfun ṣe ń dì létí adágún oníyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Bogoria. Lọ́dún tí àrùn kòrónà dé, tí wọ́n ti gbogbo pápákọ̀ òfurufú pa, ibà mú un níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi ṣàìsàn. Kò sí ọkọ̀ tó lè gbé e wá fún wa, kò sì sí èyí tó lè gbé wa lọ. Àwọn ará abúlé ló bá wa sin ín. Orí fóònù ni mo ti gbọ́ orin tí wọ́n kọ fún un, ní èdè tí n kò mọ ọ̀kan nínú rẹ̀.

Ohun tó gbé mi rìn, ó yẹ kí n sọ ọ́. Tísà ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà ayé Akin, ó máa ń pè mí ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, á máa ṣàlàyé òkúta rẹ̀ fún mi. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi bá ọmọ ọlọ́mọ wí pé kí wọ́n fetí sílẹ̀, bọ́ọ̀lù ni mo máa ń wò. Á ní, "Dádì, ṣé ó yé yín?" Mo máa ní ó yé mi. Kò yé mi rí.

Fúnmiláyọ̀, ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká ní Àkúrẹ́, ló pàdé mi níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwé ìrìnnà mi. Ó ràn mí lọ́wọ́ títí mo fi wọkọ̀ Èkó. Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ òfurufú ti gbé mi dé Nairobi, olú-ìlú Kẹ́ńyà.

Òtútù ìlú náà yà mí lẹ́nu. Ó dà bí ọyẹ́. Ṣílè ni wọ́n ń ná, owó tí mo ti ná nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ṣílè ni mo fi wọ bọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń pè ní matatu, lọ sí Nakuru. Èèyàn kan ò jókòó lé èèyàn kan lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, àfi bí ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀nà náà ń sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì tó gbòòrò débi pé ojú mi ò ká a. Òkè la mọ̀ ní ìpínlẹ̀ tiwa. Mi ò tíì rí ibi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti rì bẹ́ẹ̀ rí.

Obìnrin tó jókòó tì mí béèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì pé níbo ni mò ń lọ. Mo ní mò ń lọ síbi tí ọmọ mi kú sí. Ó gbé ọwọ́ lé mi lápá, ó ní, "Pole, baba. Pole sana." Mo yíjú sí i kíá. Mo rò pé Yorùbá ló sọ. Ohun tí pẹ̀lẹ́ jẹ́ lọ́dọ̀ wa náà ni pole jẹ́ lọ́dọ̀ wọn, bàbá náà ni wọ́n sì ń pe bàbá. Mo wo ojú fèrèsé títí a fi dé Nakuru.

Láti ibẹ̀ ni mo tún wọ ọkọ̀ lọ sí Marigat, ìlú kékeré kan tó gbóná bí ẹnu ààrò. Níbẹ̀ ni Kiprono ti ń dúró dè mí lórí ọ̀kadà rẹ̀. Òun ló máa ń gbé Akin lọ sí adágún lójoojúmọ́, inú ilé wọn ni ọmọ mi sì wọ̀ sí. Ìyá rẹ̀ ti ro ugali sílẹ̀, ìyẹn òkèlè àgbàdo funfun tó le ju túwó lọ, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí kò ní ata rárá. Mo jẹ ẹ́. Ìyá náà ń wò mí bí mo ṣe ń bu òkèlè, ó wá sọ nǹkan kan. Kiprono túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Ó ní bí Akin ṣe máa ń jẹun nìyẹn."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a lọ sí adágún. Òórùn kán-ún ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kán-ún tí àwọn obìnrin wa fi ń se ẹ̀wà. Omi náà tẹ́ lọ bẹẹrẹbẹ, èéfín ń jáde láti ojú ìsun gbígbóná, àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìyẹ́ wọn pupa fẹ́ẹ́rẹ́ dúró sínú rẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Kiprono nàka sí àwọn igi gbígbẹ kan tí orí wọn yọ láàárín omi.

"Bàbá, abẹ́ igi wọ̀nyẹn ni Akin ti máa ń ṣiṣẹ́."

"Nínú omi?"

"Ilẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Omi ló ń kún bọ̀. Ó ti bo gbogbo rẹ̀."

"Àwọn òkúta rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n wà lábẹ́ ibẹ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò tuntun tí Fúnmi rà fún mi. Láti Oǹdó dé ibí, kí omi ti gbà á ṣáájú mi!

Kiprono ní, "Ẹ dìde, bàbá. Àwọn òkúta tó ti pẹ́ wà lókè."

Ó fà mí lọ́wọ́ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Níbẹ̀ ni mo ti rí wọn: àpáta dúdú tí nǹkan funfun dì mọ́ lára, ó wú ribiti-ribiti. Ọ̀kan ti là sí méjì, inú rẹ̀ sì jẹ́ ìpele lórí ìpele, bí ìgbà tí wọ́n bá la àlùbọ́sà. Kiprono bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi. Ó ní Akin ló kọ́ òun.

Ó ní omi ìsun tó ń ti abẹ́ ilẹ̀ jáde máa ń gbé ẹfun wá, ṣùgbọ́n ojú ò lè rí i, bí ṣúgà tó ti yọ́ sínú tíì. Bí omi ìsun yìí bá ti pàdé omi adágún, tí kán-ún inú rẹ̀ le gan-an, ẹfun náà kò ní lè yọ́ sínú omi mọ́. Á dì, á sì lẹ̀ mọ́ òkúta etí omi. Oòrùn ń fa omi lọ, ẹfun ń ṣẹ́ kù. Ewédò, ìyẹn ewé tútù inú omi tó ń yọ̀, máa ń hù sórí rẹ̀, ẹfun á bò ó mọ́lẹ̀, ewédò á tún gòkè lọ wá oòrùn, ẹfun á tún bò ó. Bẹ́ẹ̀ ni ìpele ṣe ń gun ìpele.

"Bí èyí tó máa ń dì sí ìdí kẹ́tù tí a fi ń se omi," ni mo wí.

Kiprono rẹ́rìn-ín. "Akin náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kẹ́tù ilé yín."

Mo béèrè pé bí etí omi lòkúta yìí ti ń dì, báwo ló ṣe dé orí òkè. Ó ní omi ti dé ibi tí a dúró sí yìí rí, láyé àtijọ́, kó tó fà sẹ́yìn. Ohun tí Akin ń wá nìyẹn: kó mọ ibi tí omi ti dé rí àti ìgbà tó débẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé òkúta náà. Ó gbóná. Gbogbo rẹ̀ yé mi, mo sì sunkún bí ọmọdé, nítorí kò ṣòroó yé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló gba Kiprono.

Nígbà tí à ń padà, ó dá ọ̀kadà dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré onípáànù kan. "Ibí ni," ló wí.

Mo sọ fún un pé lọ́dọ̀ wa, èèwọ̀ ni kí bàbá dé ojú oórì ọmọ rẹ̀. Kò bá mi jiyàn. "Ẹ dúró níbí nígbà náà. Èmi á bá yín kí i."

Ó wọlé. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọgbà, Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́: "Akin, bàbá rẹ ti dé. Ó wà lẹ́nu géètì."

Mo wọlé. Mi ò mọ ìgbà tí mo wọlé. Orí símẹ́ńtì ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Wọ́n ṣì í kọ, wọ́n gbàgbé lẹ́tà kan. Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo ní, "Akin, ó ti yé mi báyìí."

Ọ̀nà tí mo gbà lọ náà ni mo gbà bọ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀: bí ọmọ ẹni bá ń sọ ohun tó fẹ́ràn, ká fetí sí i lọ́jọ́ tó ń sọ ọ́.

Ọ̀sán ni mo dé Oǹdó. Ìyàwó mi gún iyán fún mi, ó jókòó títí mo fi jẹun tán. Lẹ́yìn náà ló wo ojú mi.

"Ẹ débẹ̀."

"Mo débẹ̀."

Mo retí kó pariwo. Kò pariwo. Ó gbé ọwọ́ lé itan.

"Ta ló ń bá wa gbá ibẹ̀?"

"Ìyá Kiprono ni. Gbogbo ọjọ́ Sátidé."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Cheptoo."

Ó pè é, kò já geere lẹ́nu rẹ̀. Mo tún un pè fún un. Ó tún un pè ní ìgbà mẹ́ta, mẹ́rin, títí tó fi mọ́ ọn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ síbi àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ obìnrin náà, ó ń gbàdúrà fún un.